Ẹ Ṣọ́ Káàdì Tí Kì í Pariwo

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi, kí ẹ sì rọra fà á, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gbogbo etí. Èmi kì í ṣe olófòófó. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ń rí lágbo ilé àwọn tó ń ṣe graphics card, bí mo bá gbé e mì, inú ni yóò fi run mí. Ẹ mọ káàdì tí mò ń wí: èyí tí àwọn ọmọ wa ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà kí géèmù lè máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lójú, tí àwọn tó ń gé fídíò àti àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ lọ́gbọ́n ti wá ń bá wọn dù. Ọpọlọ tó wà lára rẹ̀ máa ń gbóná burúkú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé kúlà lé e lórí: bàbà tó fara kan ọpọlọ náà, ìyẹ́ aluminiọ́mù tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn kọjá. Lójú tèmi, ibi kúlà yìí ni ìwà káàdì ti ń hàn. Káàdì tó ní òun ń sáré ju ẹgbẹ́ lọ, tó ní ara òun tutù, tó tún ní kò sẹ́ni tó ń gbóhùn òun, ta ló ń tàn jẹ?

Agbo ilé méjì ló ń bá ara wọn fà á láti ọjọ́ tó ti pẹ́: NVIDIA níhìn-ín, AMD lọ́hùn-ún. AMD ló ra ilé iṣẹ́ káàdì ATI ní 2006, tó sì jogún gbogbo ẹjọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń bí ọpọlọ káàdì. Àwọn alágbàtọ́ bí ASUS, MSI, Gigabyte àti Sapphire ló ń gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń rán aṣọ sí i lọ́rùn kó tó dọ́jà. Ẹ má gbàgbé àwọn alágbàtọ́ yìí o. Mò ń bọ̀ lórí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ NVIDIA bẹ̀rẹ̀, torí ìtìjú tiwọn ló kọ́kọ́ dé ìta. Ní ìparí 2002 wọ́n kéde fáyé pé ọmọ kan ń bọ̀, GeForce FX 5800 Ultra lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà pẹ́ kó tó dé. Ọdún 2003 ti wọlé kí ọjà tó fojú kàn án. Ìgbà tó máa fi dé, kúlà tó gbé rù gba ààyè káàdì méjì, láyé tí ọ̀pọ̀ káàdì ń gba ààyè ẹyọ kan. Fáànù rẹ̀ ń fa atẹ́gùn wọlé láti ẹ̀yìn àpótí kọ̀ǹpútà, ó tún ń tì í jáde síbẹ̀, ariwo tó sì ń pa, ẹ gbà mí! Àwọn ará ìta sọ ọ́ ní Dustbuster, orúkọ ẹ̀rọ kékeré tí àwọn òyìnbó fi ń fa eruku nínú ilé. Kí ló kó o sí irú ẹ̀sín bẹ́ẹ̀? Ojúkòkòrò ni. Radeon 9700 Pro ti ATI ti wà lọ́jà láti oṣù kẹjọ 2002, fáànù kékeré kan ló dé, 325 MHz péré ló ń sá, kò sì bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. FX 5800 Ultra wá lérí pé 500 MHz lòun yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. 500 yẹn ni fáànù ń ké lé lórí. Tí wọ́n bá sì dé ìdí iṣẹ́ géèmù tó ń lo DirectX 9 gan-an, ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn ló tún ń fi ẹ̀yìn aláriwo balẹ̀.

Ohun tó wá dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ojú kò tì wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ NVIDIA fúnra wọn jókòó, wọ́n ṣe fídíò ẹ̀fẹ̀, wọ́n so káàdì náà mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ ewé kúrò lójúde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ẹ gba owó lọ́wọ́ ènìyàn tán, ẹ tún ń fi ọjà tí ẹ tà fún un ṣe yẹ̀yẹ́! Kí oṣù karùn-ún 2003 tó parí, FX 5900 ti dé, wọ́n sì ti ti FX 5800 Ultra mọ́ yàrá ẹ̀yìn.

Síbẹ̀, èmi kò bínú sí aláriwo tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí wọ́n ń tẹrí ba fún àlejò, àwọn ni kí ẹ bá mi ṣọ́.

Kí n tó dárúkọ wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti ń wá, kí wọ́n má baà ní mò ń parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Overclock ni pé kí ènìyàn fi ipá mú ọpọlọ káàdì sáré ju bí wọ́n ṣe gbé e jáde. Tó bá sì pẹ́ lórí eré, kò ní gbà láti sá mọ́ láìjẹ́ pé ẹ fi kún fólítì tí ẹ ń bọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n wà. Tí eré bá fi díẹ̀ gòkè, ooru á fi díẹ̀ tẹ̀ lé e; ṣùgbọ́n iye tí fólítì bá fi gòkè, ẹ̀ẹ̀mejì ni ooru ń ka ìyẹn síni lọ́rùn. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún eré, ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún fólítì, ooru á fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí eré tí ojú lè má tilẹ̀ rí! Fáànù ló máa wá jìyà rẹ̀. Tí eré fáànù bá di ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 15 gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni dẹ́síbẹ̀lì 10 ti tó kí etí ọmọ ènìyàn ka ariwo sí ìlọ́po méjì. Nígbà tí fáànù bá ń ké nílé yín, ẹ má bú u. Ẹni tó wà lókè, tí MHz ń wọ̀ lójú, ni kí ẹ bú.

Nígbà kan rí, àwọn ọmọdé aláìgbọràn ló ń ṣe overclock, ní yàrá wọn, lóru, tí wọ́n á máa bẹ Ọlọ́run kí káàdì má kú kílẹ̀ tó mọ́. Lónìí ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é kí káàdì tó jáde nílé, á kọ OC gàdàgbà sára páálí, á sì fi owó lé e. Ohun tí a fi ń na ọmọ, bàbá wá ń ṣe é lójú ọ̀nà.

Ẹ padà bá mi ká lọ sí agbo ilé NVIDIA. Oṣù kẹta 2010, wọ́n gbé GeForce GTX 480 jáde. Core 512 ni wọ́n pète fún ọpọlọ rẹ̀. 480 péré ni wọ́n rí tan iná sí, síbẹ̀ wáàtì 250 ló ní òun yóò máa jẹ. Wọ́n ṣí irin kúlà rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu ní ìhà ojú, àwọn ọ̀pá bàbà yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ìbòrí. Ẹnu géèmù ló ti ń kọjá 90°C. Àwọn ènìyàn dín ẹyin lórí rẹ̀! Ẹyin tí ẹ mọ̀ yìí, ẹyin adìẹ; fídíò rẹ̀ tàn ká gbogbo ayé. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àbúrò rẹ̀ GTX 580 dé pẹ̀lú core 512 tó pé pérépéré, wáàtì 244, àti àwo bàbà aláfo kan lábẹ́ kúlà, èyí tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀: omi náà á di oru níbi tó gbóná, á gbé ooru lọ, á tún padà di omi níbi tó tutù. Ọmọ náà sì jẹ́jẹ́. Oṣù mẹ́jọ ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ṣé wọn kò mọ̀ pé àkọ́bí kò tíì jinná kí wọ́n tó gbé e sójú agbo?

AMD ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó dáa. Ní oṣù kẹwàá 2013, àwọn náà mú R9 290X jáde ní dọ́là 549, wọ́n wọ fáànù ẹyọ kan fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba láìtijú pé 95°C ni kó máa wà, bí àwọn ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Wọ́n tún fi bọ́tìnì kékeré kan sí etí rẹ̀. Tí ẹ bá tì í síhìn-ín, ó di Quiet, fáànù kò ní kọjá ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún; tí ẹ bá tì í sọ́hùn-ún, ó di Uber, á gòkè dé 55. Ìwà méjì nínú ara kan! Lójú àlejò ó ń hùwà ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n ooru ti ń fa 1000 MHz tó fi ń yangàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Tí àlejò bá jáde tán, ẹ wá gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ti R9 290, àbúrò rẹ̀, tún wá ju ẹnu lọ. Oṣù kọkànlá ló yẹ kó jáde, àwọn tó ń dán káàdì wò ti ń sún mọ́ òpin iṣẹ́ wọn, ni AMD bá sáré fi sọ́fítíwíà tuntun ránṣẹ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fáànù kúrò ní 40, ẹ gbé e sí 47. Kí ló ṣẹlẹ̀? NVIDIA ló já owó GTX 780 wálẹ̀. Nítorí orogún dín owó ọjà kù, wọ́n ní kí ọmọ wọn túbọ̀ máa pariwo kó lè rí eré sá. Èèwọ̀!

Sapphire ló bá wọn bo ìtìjú náà. Kúlà Tri-X rẹ̀ gbé fáànù mẹ́ta lé ọpọlọ 290X kan náà, ooru já wálẹ̀ kúrò ní 95, ariwo náà rọlẹ̀. Ó hàn gbangba pé ọmọ náà ṣeé tù lára, aṣọ tí òbí rán fún un ni kò sunwọ̀n. Òbí tó lè fi ọmọ gba dọ́là 549, tí kò lè ra aṣọ gidi sí i lọ́rùn!

Ṣùgbọ́n kí n má fi ojú kan ṣoṣo dá ẹjọ́. Kúlà onífáànù kan yẹn, tó ń gbá ooru jáde gba ẹ̀yìn àpótí, ó ní ìwà rere kan: ìdọ̀tí rẹ̀ kì í kù sílé. Tí àpótí bá há, tàbí tí ẹ bá to káàdì mẹ́rin sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, òun lẹ máa wá kiri. Àwọn onífáànù méjì, onífáànù mẹ́ta tí gbogbo ayé ń yìn wọ̀nyí, ibo ni wọ́n ń da ooru tiwọn sí? Inú ilé ni. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì da gbogbo rẹ̀ lé CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tó jẹ́ aládùúgbò wọn, lórí. Fáànù CPU á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, gbogbo ènìyàn á sì ní CPU ni oníwàhálà. Ẹ ò rí i báyé ṣe rí?

Ọ̀rọ̀ ilé wa náà wà nínú rẹ̀. Kò sí kúlà afátẹ́gùn tó lè mú káàdì tutù ju yàrá tó wà lọ, ìwọ̀n tí àwọn tó ń dán káàdì wò ní Jámánì àti Amẹ́ríkà sì ń kà fún yín, yàrá tí kò ju nǹkan bíi 20 sí 25°C lọ ni wọ́n ti sábà ń wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé káàdì kan náà wá sí Ìbàdàn lóṣù kẹta, sínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ wá wo bí 78 tí wọ́n kà fún yín á ṣe máa wá 88 kiri. Bí kò bá sì wá a, fáànù á san gbèsè náà ní ariwo. Jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn fèrèsé ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ ọ. Ìyẹn ló ń bá wọn bo àṣírí.

Ó yá, ó kan àwọn onípẹ̀lẹ́.

Ní 2014, EVGA, ọ̀kan nínú àwọn alágbàtọ́ NVIDIA, gbé GTX 970 kan jáde tó wọ kúlà ACX. Ọ̀pá bàbà mẹ́ta ni wọ́n fi sí i láti máa fa ooru kúrò lára ọpọlọ. Àwọn tó tú u wò rí i pé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fara kan ọpọlọ rárá. Ẹ̀gbẹ́ ló nà sí, ó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́. Wọ́n bi EVGA, EVGA ní méjì tó kàn án ti tó, pé káàdì náà kì í gbóná púpọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bí méjì bá wá tó, kí ni ẹ̀kẹta wá ṣe nílé ọkọ? Ẹ má sì rò pé EVGA nìkan ni. ASUS ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú pẹ̀lú R9 290X: kúlà DirectCU II tó bá ọpọlọ ńlá ti NVIDIA mu ni wọ́n gbé wọ ọmọ AMD tó kéré sí i, àwọn ọ̀pá tó wà létí kò sì rí ọpọlọ fara kàn. Aṣọ ọlọ́mọge ni wọ́n gbé wọ ọmọdé, wọ́n sì fi èdìdì sí páálí.

EVGA kò tíì lọ. Ní 2016, wọ́n gbé GTX 1080 àti 1070 FTW jáde pẹ̀lú ACX 3.0. Ẹ ò rí jẹ́jẹ́! Ọpọlọ rẹ̀ tutù, fáànù rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà wà, gbogbo ènìyàn ń kí wọn kú iṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú dúdú lórí kọ̀ǹpútà, tí àwọn mìíràn gbóòórùn jíjó. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń pín iná fún ọpọlọ ló ń yan ní kọ̀rọ̀, nítorí páàdì tó yẹ kó gbé ooru wọn dé ara irin kò sí níbi tó yẹ kó wà. EVGA ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá gba páàdì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbé BIOS tuntun jáde, ìyẹn sọ́fítíwíà inú káàdì. Ẹ mọ ohun tí BIOS náà ń ṣe? Ó ń mú kí fáànù sáré sí i! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ gba ìyìn, òun gan-an ni àìsàn. Nígbà tó di 2017, wọ́n fi ohun èlò mẹ́sàn-án tó ń wọn ooru sára káàdì iCX. Ẹni tí ejò ti bù jẹ ń sá fún okùn. Lóṣù kẹsàn-án 2022 ni wọ́n wá kó ẹrù wọn kúrò nídìí iṣẹ́ graphics card pátápátá, tí wọ́n ní àárín àwọn àti NVIDIA kò gún mọ́. Ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi di ọjọ́ mìíràn. Ẹnu ń yún mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn.

NVIDIA ńkọ́? RTX 3090 dé lóṣù kẹsàn-án 2020, arẹwà, fáànù kan níwájú, fáànù kan lẹ́yìn, atẹ́gùn ń gba ara rẹ̀ kọjá. Ọpọlọ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n tó dára, ariwo rẹ̀ kò tó nǹkan fún ẹni tó ń jẹ wáàtì 350. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 24 GB, ìdajì rẹ̀ wà lẹ́yìn pátákó káàdì, níbi tí kò sí fáànù tó ń dá a lóhùn. Nígbà tí àwọn awakùsà owó orí íntánẹ́ẹ̀tì dé sí i lára, mẹ́mọ́rì ẹ̀yìn yẹn ń dé 110°C, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, torí pé sọ́fítíwíà kan kò ka ooru ibẹ̀ fún gbogbo ènìyàn títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2021 tí HWiNFO fi tú u síta. Ojú ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn ń jóná. Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀ ní Ìkẹjà, tí wọ́n ní ‘ó mọ́, kò pariwo’, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Èmi kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó ya mí lẹ́nu jù lọ ni RX 7900 XTX tí AMD fúnra rẹ̀ rán aṣọ fún, oṣù kejìlá 2022, dọ́là 999. Àwo bàbà olómi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi sí i. Àwọn oníbàárà ń kígbe pé ibi tó gbóná jù lára ọpọlọ ń lu 110°C, fáànù ń sáré, eré káàdì ń já wálẹ̀. Ará Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní der8auer bẹ̀rẹ̀ sí í yí káàdì náà padà, ó gbé e nàró, ó tún dà á délẹ̀, ooru sì ń yàtọ̀ bí káàdì ṣe ń yí. Ìṣirò náà kò le fún ẹni tó bá ní làákàyè: nǹkan kan ń ṣe omi inú àwo yẹn. AMD gbà á lóṣù kìíní 2023 pé omi tí wọ́n fi sínú apá kan nínú àwọn àwo náà kò tó, wọ́n ní àwọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá dá tirẹ̀ padà. Omi o! Ẹni tó gba dọ́là 999, omi ló ń ṣún lò.

Irọ́ ojú agbo tún wà lọ́tọ̀. Oṣù karùn-ún 2016, ní ìlú Austin, NVIDIA gbé GTX 1080 sórí ìtàgé, ó ń sá 2114 MHz, ooru rẹ̀ jẹ́ 67°C péré, fáànù lásán ló ń tù ú. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀dà tí NVIDIA fúnra rẹ̀ wá tà, wọ́n pè é ní Founders Edition, wọ́n gba dọ́là 699 lé e nígbà tí owó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 599. Ẹ gbé e sínú àpótí, ẹ ta géèmù fún wákàtí kan, á lọ jókòó sí nǹkan bíi 82, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré ara rẹ̀ kù kí fáànù má baà pariwo. 67 tó fara hàn lórí ìtàgé kò bá a délé.

Nínú oṣù kẹfà ọdún kan náà ni ìkànnì TechPowerUp tú àṣírí àwọn alágbàtọ́. MSI àti ASUS ń fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dán an wò pẹ̀lú BIOS tó ti gbé eré sókè, èyí tí oníbàárà lásán kò ní bá lára tirẹ̀ àfi tó bá fi sọ́fítíwíà yí i padà. Lórí GTX 1080 Gaming X ti MSI, ìyàtọ̀ náà kò ju 25 MHz lọ. 25 péré ni wọ́n torí rẹ̀ ba orúkọ jẹ́! Tí ènìyàn bá máa jalè, ó yẹ kí ohun tó jí tilẹ̀ kún ọwọ́.

AMD náà kò gbẹ́yìn. Ní 2015 wọ́n gbé R9 Fury X jáde, omi ló ń tù ú, wọ́n sì lérí pé àlá àwọn tó ń ṣe overclock ti ṣẹ nìyẹn. Nígbà tí àwọn alálàá rà á dé ilé, díẹ̀ báyìí ló lè fi kún 1050 MHz rẹ̀, fólítì sì wà ní títì pa. Fáànù rẹ̀ dákẹ́ ní tòótọ́. Ẹ̀rọ tó ń ti omi káàkiri inú rẹ̀ ló ń hu, ohùn tínrín tí kì í sinmi, àní nígbà tí kò sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohùn tínrín, mo dúpẹ́ pé ó yọ jáde. Àwọn kọ́ìlì tó ń darí iná lára káàdì máa ń gbọ̀n, wọ́n a sì máa dún ‘síísíísíí’ nígbà tí géèmù bá ń yára. Láyé aláriwo, fáànù ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bíi 2014 ni àṣà kan wá gbilẹ̀ láàárín àwọn alágbàtọ́ pé kí fáànù má tilẹ̀ yí rárá títí ooru á fi súnmọ́ 60°C. ASUS Strix àti MSI ló ń fi í yangàn jù. Inú mi dùn sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ilé dákẹ́ tán ni kọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Kúlà tó dára jù láyé kò lè ràn án lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ra ẹyọ kan lè bá ohùn náà pàdé nígbà tí ẹnìkejì tó ra irú rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.

Ǹjẹ́ olóòótọ́ kankan wà? Ẹyọ méjì ni mo mọ̀ tí mo lè fi ẹnu mi jẹ́rìí sí. KalmX ti ilé iṣẹ́ Palit kò ní fáànù kankan, irin nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ó ń lo ọpọlọ tí kò jẹun púpọ̀, irú GTX 1650 tó ń jẹ wáàtì 75. Kò lérí, kò sáré, kò sì sọ̀rọ̀ rí. Èkejì ni èyí tí ASUS àti ilé iṣẹ́ Noctua ti Austria jọ rán aṣọ fún ní 2021, RTX 3070. Fáànù ńlá méjì tó fẹ̀ tó 120 mm ló wà lára rẹ̀. Nítorí pé wọ́n fẹ̀, wọn kò nílò kí wọ́n sáré kí atẹ́gùn tó pọ̀. Ó gbóná díẹ̀, ó dákẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara rẹ̀! Ó nípọn kọjá ààyè káàdì mẹ́rin, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti kòkó àti àgbàdo yíyan, àwọn ọmọ tó fẹ́ràn iná aláràbarà kò sì fẹ́ kí àlejò rí i nílé wọn. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí ẹni tó níwà tí kò lẹ́wà.

RTX 5090 tí NVIDIA gbé jáde ní oṣù kìíní 2025 ni mo ń fi ojú kan wò báyìí. Tínrín, ààyè méjì péré, níbi tí 4090 tó ṣáájú rẹ̀ ti gba mẹ́ta fún wáàtì 450. Wáàtì 575 sì ni tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ń jẹ. 575! Wọ́n fi irin olómi sáàárín ọpọlọ àti kúlà, wọ́n jẹ́ kí fáànù méjèèjì fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá tààrà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wú mi lórí, n kò ní purọ́. Ibi tí gbogbo oúnjẹ yẹn ń lọ ni mo ń bi í. Inú àpótí yín ni, lẹ́yìn náà inú yàrá yín, lẹ́yìn náà ara yín.

Ohun tí wọ́n wá ń ṣe nísinsìnyí, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Àwọn ọmọkùnrin kan ń ra káàdì olówó ńlá, wọ́n ń tú gbogbo rọ́bà tó bò ó, wọ́n ń yọ fáànù tó bá a wá, wọ́n ń fi okùn rọ́bà so fáànù àpótí lásán mọ́ ìyẹ́ irin rẹ̀ ní ìhòòhò. Wọ́n tún ń dín fólítì rẹ̀ kù, dípò kí wọ́n fi kún un. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀rí ìdánilójú ti ilé iṣẹ́ á ti fò lọ, ojú ọmọlúwàbí kò sì gbọdọ̀ rí irú rẹ̀. Káàdì oníhòòhò náà sì sábà ń tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, eré rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín. Ẹ bá mi bi ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn, rọ́bà tí wọ́n tú sọnù yẹn, èló ni wọ́n kà á sí lára owó tí a san?